Àpèkọ Orin ní Yunifásítì: Ẹ Kọ Ọ́ Lẹ́nu Kí Ẹ Tó Kọ Ọ́ Síwèé

Olùkọ́ jókòó sídìí dùùrù. Ó ní orin bar mẹ́rin ni (bar ni ìpín orin tó ní iye bíìtì, ìlù tó ń lọ déédéé, kan náà), kíì F (F ni ilé tí orin náà ń sinmi sí), ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun máa tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní báyìí, gbogbo kíláàsì ti da pẹ́ńsù bo ìwé. Nígbà tó fi máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ìwé ọ̀pọ̀ nínú wọn á rí bákan náà: bar kìíní pé, bar kejì dàrú, bar kẹta ṣófo, doh (nóòtì ilé) gbọọrọ kan wá jókòó sí bar kẹrin, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni orin sábà máa ń parí sí.

Iṣẹ́ yìí là ń pè ní àpèkọ orin: wọ́n á tẹ orin kan, ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nóòtì. Ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin láàmú ní ọdún àkọ́kọ́, àtẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré, àtẹni tí ìka rẹ̀ ń fò lórí dùùrù. Etí wọn kò burú rárá. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ẹnu wọn kò tíì lè kọ lórin. Gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: ohun tí ẹ kò bá tíì lè fi ohùn yín kọ láìsí dùùrù, ẹ má tíì fi pẹ́ńsù kàn án.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé orin tó ní ìlà márùn-ún. Kí àlàfo àárín ìlà fẹ̀ dáadáa. Bí ìlà bá há, nóòtì tó yẹ kó wà nínú àlàfo á máa dà bí èyí tó wà lórí ìlà, máàkì á sì lọ lórí ohun tí ẹ mọ̀.
- Pẹ́ńsù 2B méjì àti írésà. Ẹ fi bírò sílẹ̀ nílé.
- Tuning fork (irin kékeré tí wọ́n ń lù kó dún) tó ń fún yín ní A, 440 Hz. App orí fóònù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà tó.
- Metronome (ohun tó ń lu bíìtì déédéé), ti orí fóònù náà kò burú.
- Dùùrù tàbí kíbọ́ọ̀dù, fún àyẹ̀wò nìkan. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ "àyẹ̀wò" yẹn mú gidi.
- MuseScore lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń tẹ ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ kí ẹ lè fetí gbọ́ ọ.
- Ẹnì kejì láti kíláàsì yín. Bí ẹ bá fúnra yín tẹ orin tí ẹ fẹ́ kọ, ìka yín ti sọ ìdáhùn fún yín kí etí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ kò nílò irú etí tó máa ń dá orúkọ nóòtì mọ̀ lọ́gán láìsí nóòtì mìíràn tí wọ́n fi wé e. Ìwọ̀nba èèyàn ló ní in, wọn kì í sì í fi í ṣe òṣùwọ̀n ní kíláàsì. Ẹ kò sì nílò app olówó gọbọi. Ohun tí ọ̀pọ̀ app ń dán wò ni nóòtì méjì-méjì tó dá dúró, bẹ́ẹ̀ orin kì í wá ní méjì-méjì. Ó ní kíì, ó ní bíìtì, ó sì níbi tó ń lọ.

Ìpele 1: Ẹ di doh mú

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ sábà máa ń dárúkọ kíì, á sì tẹ kọ́ọ̀dù ilé (doh, me àti soh papọ̀) tàbí skéèlì rẹ̀ (nóòtì rẹ̀ láti doh dé doh). Ọ̀pọ̀ máa ń fi àsìkò yìí wá ojú ewé tàbí gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Àsìkò yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìdánwò náà. Bí doh bá ti sọnù, gbogbo ohun tó kù á di àfojúbù.

Ohun tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ ni pé kí ẹ kọ doh nínú lọ́kàn, kí ẹ wá kọ d m s m d, kí ẹ sì fi t, d parí rẹ̀ (d r m f s l t ni ìkékúrú orúkọ sol-fa: doh, ray, me, fah, soh, lah, te; kọ́mà yẹn ń sọ pé te yìí wà nísàlẹ̀ doh). Nóòtì mẹ́rin yìí ló ń kan ilé mọ́lẹ̀ fún etí.

Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ nílé nìyí. Ẹ lu tuning fork, kí ẹ mú A rẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́ nínú kíì tí ẹ fẹ́:

Ní kíì C, lah ni. Ní D, soh ni. Ní E, fah ni. Ní F, me ni. Ní G, ray ni. Ní A, òun gan-an ni doh. Ní B flat (B tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀), te ni.

Tó bá jẹ́ F lẹ ń wá, ẹ ó pe A ní "me", ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ m r d, ẹ ti délé. Tó bá jẹ́ D, ẹ ó pe A ní "soh", s f m r d. Tó bá jẹ́ B flat, ẹ ó gun òkè ẹ̀ẹ̀kan péré, t d. Irin kékeré kan ṣoṣo yìí á fún yín ní gbogbo kíì wọ̀nyí, ẹ kò sì ní wá dùùrù káàkiri mọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: orin lè bẹ̀rẹ̀ lórí soh tàbí me. Ẹni tí kò di doh mú á kàn sọ nóòtì àkọ́kọ́ tó gbọ́ di doh, gbogbo orin náà á sì yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà láti bar kìíní dópin. Ẹ máa bi ara yín pé, "Ṣé nóòtì àkọ́kọ́ yìí ti délé, àbí ó ṣì fẹ́ lọ?"

Àyẹ̀wò: ẹ lu A, ẹ wá doh kíì F, ẹ dákẹ́. Ẹ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún wá kọ doh yẹn síta, kí ẹ sì fi dùùrù wò ó. Bí ó bá bọ́ sí i ní kíì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ bọ́ sí ìpele kejì. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ má kánjú kúrò níbí.

Ìpele 2: Bíìtì ṣáájú nóòtì

Orin tí nóòtì rẹ̀ tọ̀nà tí bíìtì rẹ̀ ṣáko kò ṣeé kọ padà. Èyí tí bíìtì rẹ̀ pé tí nóòtì kan tàbí méjì yẹ̀ ṣì ṣeé dá mọ̀. Nítorí náà, bíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè.

Ẹ fa ìlà bar mẹ́rin sórí ìwé kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Lókè ìlà márùn-ún, ẹ fi kíní kékeré bí igi ìṣáná sàmì sí ibi tí bíìtì kọ̀ọ̀kan wà: mẹ́rin fún bar kan bí ó bá jẹ́ 4/4, mẹ́ta bí ó bá jẹ́ 3/4. Bí orin bá ń lọ, ẹ fi ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà lu bíìtì. Ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà ń gbìyànjú.

Ẹ lo sílébù tí wọ́n ń lò ní kíláàsì yín. Taa fún crotchet (nóòtì bíìtì kan) àti taa-tai fún quaver méjì (quaver jẹ́ ààbọ̀ crotchet) wọ́pọ̀. Sílébù tó wù kó jẹ́, ẹ lò ó títí ẹnu á fi máa sọ ọ́ kí ọpọlọ tó rò ó.

Ibi méjì ni wàhálà pọ̀ sí.

Àkọ́kọ́ ni 6/8. Bar 3/4 gba quaver mẹ́fà, bar 6/8 náà gba mẹ́fà, ni àwọn èèyàn bá ń fi ọ̀kan kọ èkejì. Nínú 3/4, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, bíìtì mẹ́ta. Nínú 6/8, mẹ́ta-mẹ́ta ni, bíìtì ńlá méjì. Ẹ wo ara yín bí orin bá ń lọ: bí ara bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, tí ìmì kọ̀ọ̀kan sì gba ìró kéékèèké mẹ́ta, 6/8 ni.

Èkejì ni crotchet tó ní dọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ (dọ́ọ̀tì náà fi ìdajì gígùn rẹ̀ kún un) tí quaver kan tẹ̀ lé. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ bí crotchet méjì, àwọn mìíràn á kọ ọ́ bíi minim (nóòtì bíìtì méjì). Ìbéèrè kan ló ń yanjú rẹ̀: ṣé nóòtì tuntun bẹ̀rẹ̀ gan-an lórí bíìtì kejì? Bí ẹsẹ̀ yín bá lu bíìtì kejì tí ohùn àtijọ́ ṣì ń fà lọ, tí nóòtì tuntun wá dé lẹ́yìn ìlù ẹsẹ̀ kí bíìtì kẹta tó dé, dọ́ọ̀tì ni. Ẹ máa tẹ́tí sí bíìtì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ló ń sọ òótọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì yín fi ọwọ́ lu bar mẹ́rin lórí tábìlì, láìsí orin rárá. Ẹ kọ ọ́. Ẹ ka iye bíìtì bar kọ̀ọ̀kan. Bí bar kan bá lé tàbí dín, ẹ mọ ibi tí àṣìṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ọwọ́ lu ohun tí ẹ kọ padà fún un, kó sọ bóyá òun náà ni.

Ìpele 3: Ẹ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀

Ìpele yìí ni àwọn èèyàn kò fẹ́ gbà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tẹ orin, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ gbé pẹ́ńsù sórí tábìlì, kí ẹ má kàn mú un dání. Ọwọ́ kì í bá ohùn sáré. Nígbà tí ẹ bá ń kọ nóòtì kẹta, orin ti wà ní nóòtì kẹsàn-án, ẹ kò sì gbọ́ àwọn tó wà láàárín nítorí pé ojú yín wà lórí ìwé.

Ohun tí ẹ máa gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ kò ju mẹ́ta lọ: níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló parí sí, báwo ni ohùn ṣe gòkè tó sì sọ̀ láàárín wọn. Bí orin bá dákẹ́, ẹ kọ ọ́ nínú lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ibi tí ẹ bá rántí ni kí ẹ di mú. Ibi tó sọnù, ẹ fi sílẹ̀, ó ń bọ̀ padà.

Nígbà kejì, bar 1 àti 2 nìkan lẹ wá gbọ́. Kí bar 3 tó dé, etí yín ti gbọ́dọ̀ padà sínú, kí ẹ máa tún bar 1 àti 2 kọ lọ́kàn nígbà tí dùùrù ṣì ń tẹ ìyókù lọ. Mo mọ̀ pé ó le. Òun gan-an ló yàtọ̀ jù láàárín ẹni tó ń yege àti ẹni tí kì í yege, ó sì ṣeé kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bar kan: kí ẹnì kejì yín tẹ bar méjì, kí ẹ kọ èyí àkọ́kọ́ nìkan. Tó bá rọrùn, kí ó tẹ mẹ́rin, kí ẹ kọ méjì àkọ́kọ́. Nígbà kẹta tí olùkọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i padà, kí ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì gba bar 3 àti 4.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn atẹdùùrù: bí ìka yín bá ń rìn lórí itan bí orin ṣe ń lọ, ẹ dá a dúró. Ìka máa ń lọ síbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń parọ́.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn tí orin bá dákẹ́, ẹ ka dé mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ bar tí ẹ yàn síta pẹ̀lú "la", láìpe orúkọ nóòtì kankan. Ẹnì kejì yín ni kó ṣe ìdájọ́. Ẹ kò tíì kọjá bí ẹ bá ní láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 4: Ẹ fún un lórúkọ ní sol-fa

Ní báyìí, orin wà lẹ́nu yín, bíìtì rẹ̀ wà lórí ìwé. Ó ku orúkọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, orin kékeré ní kíì F, bíìtì mẹ́rin nínú bar. Àmì · ló pààlà láàárín bíìtì, – sì ni ohùn tó ń fà lọ:

Bar 1: d · r m · s · –
Bar 2: l · s · m · –
Bar 3: f · – m · r · t,
Bar 4: d · – · – · –

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ lẹ́nu báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ má wá máa ṣírò àlàfo láti nóòtì kan sí èkejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kan ní bar 1 á bá a dé bar 4. Ẹ máa wá òpó: d, m, s. Wọ́n ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ fún yín nínú kọ́ọ̀dù ilé. Nóòtì tó bá balẹ̀ tó sì sinmi sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìyókù á sì máa rìn láàárín wọn.

Bar 1 bẹ̀rẹ̀ lórí òpó doh, ó sinmi lórí òpó soh. R àti m ló gbé e débẹ̀. Bar 2: lah kàn jẹ́ aládùúgbò soh lókè, ó padà sí soh, ó fò bọ́ sórí me. Bí ẹ bá gbọ́ ọ báyìí, bar méjì yẹn kì í ṣe nóòtì méje mọ́. Ìrìn kan ni, láti doh lọ sí soh, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí me.

Bar 3 ni wọ́n ti máa ń ṣubú. Nóòtì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ fah. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ soh síbẹ̀, nítorí pé ó bọ́ sórí bíìtì alágbára, ibi tí etí ti sábà máa ń retí òpó. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ dá nóòtì yẹn dúró lẹ́nu, kí ẹ bi í pé níbo ló ń lọ. Soh lè jókòó jẹ́ẹ́. Fah kì í fẹ́ jókòó, me ló máa ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí pé ààbọ̀ ìgbésẹ̀ péré (àlàfo tó kéré jù lórí dùùrù) ló wà láàárín wọn. Nínú orin yìí, me náà ló tẹ̀ lé e.

Pàkúté kejì wà ní ìparí bar 3: r · t,. Etí ti ń retí ilé, ni ọwọ́ bá kọ doh lẹ́yìn ray kí ó tó dé. Ìbéèrè tó ń tú u ni èyí: bí ó bá jẹ́ doh ló wà níbẹ̀, ohùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra nígbà tí bar 4 bá wọlé. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Rárá, ó gòkè díẹ̀ kó tó délé. Te ni, ní ìsàlẹ̀.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní ohun kan tó ń ràn wá lọ́wọ́ níbí, tó sì tún ń dẹ pàkúté fún wa. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti fi dò-re-mí kọ́ wa ní àmì ohùn, etí wa sì yára láti mọ̀ pé ohùn gòkè tàbí pé ó sọ̀. Ìdí nìyẹn tí bí orin ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ fi sábà máa ń tọ̀nà nínú ìwé wa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ sísọ, bí ohùn òkè ṣe jìnnà sí ti àárín lè dín, ó lè pọ̀, ọ̀rọ̀ á ṣì yéni. Nínú orin, òdiwọ̀n ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ohùn gòkè, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ bi ara yín pé báwo ló ṣe gòkè tó, kí ẹ sì máa ṣọ́ ibi ààbọ̀ ìgbésẹ̀ méjèèjì: m sí f, àti t sí d.

Ẹ kọ lẹ́tà sol-fa sábẹ́ àmì bíìtì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó ṣeé pa rẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ orin náà láti ọwọ́ ẹ̀yìn, láti nóòtì ìgbẹ̀yìn sí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ sol-fa. Bí ẹ bá lè ṣe é láìyẹ̀, orúkọ ti wọra. Bí ó bá há sí ibì kan, ibẹ̀ ni ẹ ti méfò.

Ìpele 5: Ẹ gbé e sórí ìlà márùn-ún

Ìpele yìí kò gba etí, ìtọ́jú ló gbà. Síbẹ̀, máàkì ń ṣòfò níbẹ̀ tó fi ń dunni.

Ẹ kọ clef (àmì tó ń sọ nóòtì tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́), àmì kíì, àmì bíìtì, ní ìtò yẹn. Sharp, àmì tó ń gbé nóòtì sókè ní ààbọ̀ ìgbésẹ̀, máa ń wọlé ní ìtò F C G D A E B, flat, tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní B E A D G C F. Bí ẹ bá gbàgbé orúkọ kíì: sharp ìgbẹ̀yìn ni te, flat ìgbẹ̀yìn ni fah. Kíì F ní flat kan, B, òun náà sì ni fah rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí doh jókòó sí. Ní treble clef, F wà nínú àlàfo àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀. Bí doh bá ti wà nínú àlàfo, me àti soh náà á wà nínú àlàfo tó tẹ̀ lé e lókè, ray, fah àti lah á sì wà lórí ìlà. Bí doh bá wà lórí ìlà, òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lórí ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ òpó yín kò ní ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ mọ́. Orin wa á di F, G A, C, D, C, A, B flat, A, G, E, F. Ẹ kò ní kọ àmì flat sí iwájú B, nítorí àmì kíì ti ṣe é.

Igi nóòtì tó wà lábẹ́ ìlà àárín máa ń dojú kọ òkè, tàwọn tó wà lókè rẹ̀ á dojú kọ ìsàlẹ̀. Tàwọn tó wà lórí ìlà àárín gan-an sábà máa ń wo ìsàlẹ̀. Quaver méjì inú bíìtì kan, ẹ so wọ́n pọ̀. Quaver tó tẹ̀ lé crotchet oní-dọ́ọ̀tì ní bar 3 dá dúró.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́tà sol-fa mọ́lẹ̀, kí ẹ ka orin náà láti orí ìlà márùn-ún nìkan. Bí ohun tó jáde lẹ́nu bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́kàn yín, ọwọ́ ló ṣìnà, etí kò jẹ̀bi. Àyẹ̀wò yìí kan náà ni ìdánrawò fún kíka orin lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń dán yín wò nínú kọ́ọ̀sì kan náà.

Ìpele 6: Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́

Ẹ má fi í kọ nǹkan tuntun. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àmì ìbéèrè sí ibi méjì péré tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí. Bí orin bá ń lọ, ẹ fi orí pẹ́ńsù tẹ̀ lé ohun tí ẹ kọ, kí ẹ sì gbé etí sí ibi méjì yẹn. Ẹni tó bá ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń pa èyí tó tọ̀nà rẹ́.

Ẹ má fi bar kankan sílẹ̀ lófìfo. Nóòtì tó bọ́ sórí bíìtì kìíní, àti bíìtì tó pé lókè rẹ̀, dára ju àlàfo lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fún apá tó tọ̀nà ní máàkì tirẹ̀.

Bí orin bá jẹ́ minor, tàbí tó ní nóòtì àlejò (tí kò sí nínú kíì)

Ètò kan náà ni, ilé nìkan ló yí padà. Bí wọ́n bá ń lo lah gẹ́gẹ́ bí ilé minor ní ẹ̀ka yín, D minor á lo àmì kíì kan náà pẹ̀lú F major, D á sì jẹ́ lah. Nóòtì tó ń fa lah wálé ni se, ìyẹn soh tí wọ́n gbé sókè ní ààbọ̀ ìgbésẹ̀. Ní D minor, C sharp ni. Àmì kíì kò ní kọ sharp yẹn fún yín, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ kọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ minor tó parí dáadáa, tí ẹ kò sì rí sharp tàbí natural (àmì tó ń pa sharp tàbí flat rẹ́) kankan tí ẹ fọwọ́ kọ, ẹ padà lọ wò ó.

Fe, fah tí wọ́n gbé sókè, sábà máa ń sáré lọ sí soh. Ní kíì F, B natural ni. Ta, te tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, máa ń wá sọ̀ sí lah; E flat ni níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka kan máa ń pe ilé minor ní doh, àwọn mìíràn ń lo 1 sí 7. Ní Faransé, Ítálì àti Sípéènì, do ni C nígbà gbogbo, kíì tó wù kó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò níbi tí ẹ ti ń kàwé ni kí ẹ lò. Mo rọ̀ yín, ẹ má pa méjì pọ̀ nínú ọdún kan.

Ibi tí ẹ ti máa rí àyè dán an wò láàárín ìlú

Ní yunifásítì tó wà láàárín ìlú ńlá, yàrá ìdánrawò kì í tó. Àpèkọ kò nílò yàrá yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní fèrè àti ìlù.

Ariwo ìlú gan-an lẹ lè fi kọ́ ìpele 1. Ẹ lu tuning fork kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ di doh mú láàárín ariwo ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ èrò, kí ẹ lù ú padà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Bí orin bá ń dún níbì kan, ẹ wá doh rẹ̀ kí ẹ tó kọjá. Bí ẹ kò bá lè kọrin síta nítorí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ hùn ún pẹ̀lú ẹnu pípadé. Hínhùn tó. Ríronú nípa ohùn láìgbé e jáde rárá kò tíì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìlú ńlá ní tí mo fẹ́ràn gan-an: gbọ̀ngàn orin. Bí ẹ bá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin tàbí lu ohun èlò ní gbangba, ẹ mú bar mẹ́rin péré bọ̀ lọ́kàn, kí ẹ sì kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá délé. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún yín lẹ́ẹ̀mẹrin níbẹ̀. Ìpele 3 á di tiyín.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má kọjá ìpele 2, bó ti wù kó máa yun yín lọ́wọ́ tó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín máa kọ orin bar mẹ́rin sínú MuseScore fún ara yín, kí MuseScore máa bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì wo ojú kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi kọ tiyín tán.

Bí ìwé ìdánwò bá padà dé

Ẹ má wo máàkì nìkan kí ẹ tó sọ ọ́ sínú àpò. Ẹ fi lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan: B bí ó bá jẹ́ bíìtì, S bí ó bá jẹ́ orúkọ sol-fa, L bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀, R bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò rántí ibẹ̀ rárá. Ẹ kà wọ́n. Bí B ló pọ̀ jù, ìpele 2 lẹ máa padà sí. Bí S ni, ẹ lọ sí ìpele 1 kí ẹ tó lọ sí ìpele 4, nítorí doh tó yẹ̀ ló sábà máa ń bí i. L, ìpele 5. R, ìpele 3. Lẹ́yìn náà, ẹ mú orin inú ìdánwò yẹn gan-an, kí ẹ kọ ọ́ lẹ́nu láìsí dùùrù títí á fi gún, kí ẹ tó tún un kọ sórí ìwé tuntun.